Ọ̀gá Mi Wà Lẹ́yìn Ògiri

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fayé yín ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi kí ẹnìkan tó fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà dí yín létí. Òdòdó ni mo gbìn. Kì í ṣe àgbàdo, kì í ṣe ẹ̀gẹ́, òdòdó ni! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbìn ín sínú ọgbà àwọn ilé ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà, ní ilẹ̀ tí oòrùn kì í ṣàánú ewé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi sí, ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ dúró síbì kan. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Orúnkún ló ní kí n sinmi o, ọkàn mi kò tíì gbà.

Mọríámọ̀ lorúkọ mi, Maryam lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, ọmọ Ìwó, ọmọ àgbẹ̀. Ní Hindawíyà, àdúgbò tí à ń gbé ní Jẹ́dà, Ìyá Ràmótà ni gbogbo ọmọ ilé wa mọ̀ mí sí. Ilé ìwòsàn kan ló gba ọkọ mi láti Nàìjíríà wá síbẹ̀, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń bá wọn ṣe, èmi sì tẹ̀lé e. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Obìnrin ìlú wa kan ń se oúnjẹ fún ìdílé kan lápá àríwá Jẹ́dà. Àárẹ̀ mú un nígbà ààwẹ̀, ó ní kí n bá òun dí àyè náà fún oṣù kan. Mo lọ, n kò sì padà mọ́. Wọ́n tún ìkámà mi, ìwé ìgbélùú, ṣe sábẹ́ ilé náà, owó oṣù kò burú. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ìyá tó ni ilé náà, Sítì Núrà là ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà tó níyì níbẹ̀ nìyẹn. Opó ni, ó sì ní ọmọbìnrin mẹ́ta. Ọgbà méjì ló wà nílé rẹ̀. Ti iwájú ni àlejò ọkùnrin ń gbà kọjá. Ti inú, ògiri gíga ló yí i ká, ibẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ti ń jókòó gba atẹ́gùn láìbo orí. Ọgbà iwájú ń dán gbinrin. Èyí inú ti kú pátápátá. Láti fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti ń wò ó: igi gbígbẹ, ìkòkò fífọ́, ilẹ̀ tó funfun bí ẹni da ẹfun sí i.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ọkùnrin kan náà, ará Yẹ́mẹ̀n tó ń jẹ́ Sàlíhù, ló gbin ọgbà méjèèjì nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré. Nígbà tí àwọn ọmọ bàlágà, ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan wọn kò lè wọ ọgbà inú mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ wá ku ìdajì, òdòdó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ sì ń kú lẹ́yìn ògiri tí kò lè kọjá. Wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n máa bomi sí i, kò ràn. Sítì Núrà ti ní kí àwọn onítáìsì wá wọn ilẹ̀ náà kí wọ́n lẹ táìsì bò ó.

N kò mọ ohun tó ti mí. Mo ní, “Sítì, èmi lè wọlé síbẹ̀. Obìnrin ni mí.”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n lọ bá Sàlíhù sọ ọ́ lẹ́nu géètì. Mo bá àgbà ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, làálì ti pa irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, sísọ́ọ̀sì ńlá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé ń pè é ní Àmmù Sàlíhù, bí àwa ṣe máa ń pe àgbà ọkùnrin ní Bàbá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Kí lo ti gbìn rí?”

“Iṣu, àgbàdo, ilá.”

“Ṣé iṣu máa ń tanná?”

“Ó máa ń tanná, Àmmù, kò kàn sẹ́ni tó ń dúró wò ó ni.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà tí Sítì Núrà dúró sí lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní, “Ẹ fún wa ní àkókò òtútù kan ṣoṣo. Bí ọgbà yìí bá kú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ lẹ táìsì yín. Èmi náà á gbé sísọ́ọ̀sì mi kalẹ̀, n ó sì kúrò nílé yìí, torí ojú á tì mí láti máa wo ògiri náà.”

Sítì Núrà ronú díẹ̀. Ó ní Hánánì, àkọ́bí òun, máa ṣègbéyàwó bí òtútù bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀. Bí ọgbà bá tanná, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣe ọjọ́ làálì rẹ̀, ọjọ́ tí àwọn obìnrin ń lé làálì fún ìyàwó. Bí kò bá tanná, táìsì. Bí mo ṣe dọmọ iṣẹ́ nìyẹn, tí orúkọ àgbà ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí sì wá wà ní ìkáwọ́ mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ ní Hindawíyà, Ìyá Sàádátù, aládùúgbò wa, pàtẹ́wọ́. “Ìyá Ràmótà, ẹ wọ bàálù láti Nàìjíríà wá gbin ohun tí èèyàn ò lè fi sọ́bẹ̀?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sùn kí n lè tètè jí.

Ẹ ti gbọ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tèmi àti ọ̀gá mi, lórí ògiri ló wà. Bí mo bá ti wọ ọgbà inú, òun á wá dúró sí ẹ̀yìn ògiri níta, á máa pàṣẹ. Ó so okùn mọ́ garawa kan. Bó bá fẹ́ wo nǹkan, á ju garawa náà wọlé lórí ògiri, èmi á gbé ewé tàbí ilẹ̀ sínú rẹ̀, òun á fà á padà. Ewé, ó máa ń fi àtàǹpàkò pa á. Ilẹ̀, ó máa ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò! Màá gbọ́ tó bá tutọ́. Á ní, “Iyọ̀! Fọ̀ ọ́ sí i.” Ilẹ̀ Jẹ́dà kún fún iyọ̀, òkun kò jìnnà, ẹni tó bá fẹ́ gbin òdòdó níbẹ̀, omi ló máa fi máa ti iyọ̀ wálẹ̀ títí.

Ogójì ọjọ́ gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irúgbìn. Kí n gbẹ́ ilẹ̀ ni, kí n kó ìgbẹ́ àgùntàn sí i, kí n bomi sí i, kí n tún un gbẹ́. Gbogbo àárọ̀ ló ń bi mí pé, “Ti ìka bọ ilẹ̀. Oríkèé wo ló tutù dé?” Bí mo bá ní ìkejì, á ní kò tó. Etí rẹ̀ sì mú ju ojú ẹlòmíì lọ. Bí ọkọ́ mi bá ba òkúta, ó ti gbọ́. Lọ́jọ́ kan mo ń bomi sílẹ̀ nígbà tí oòrùn ti dé àtàrí. Ohùn rẹ̀ là jáde: “Maryam! Ta ló ń se òdòdó mi ní bíbọ̀?” Àwọn ọmọ Sítì Núrà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé ẹni tó bá pariwo mọ́ ọ báyẹn, ó ti gbà pé o lè mọ̀ ọ́n ni.

Àgbékalẹ̀ àwọ̀ ni mo wá fẹ́ràn jù. N kò mọ àwòrán yà sórí ìwé. Mo wá gba ìbòrí lọ́wọ́ gbogbo obìnrin inú ilé, mo fi gèlè tèmi kún un, mo tẹ́ wọn sórí ilẹ̀ lásán níbi tí òdòdó kọ̀ọ̀kan máa wà, mo fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Mo ní kí Sítì Núrà lọ wò ó láti fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yin èèyàn! Ìyá náà dọmọdé. “Pupa yẹn, sún un sẹ́yìn! Kí yẹ́lò wá síbí! Rárá, gbé e padà!” Hánánì àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń sá kiri láàárín ìbòrí. Àmmù Sàlíhù ń béèrè níta pé kí ni wọ́n ń fi ilẹ̀ òun ṣe.

Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé pupa máa ń fa ibi tó jìnnà mọ́ra, àwọ̀ búlúù sì máa ń sá lọ. Ọgbà náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. A wá gbé pupa lọ sí ìparí. Fúlù, òdòdó funfun kékeré olóòórùn dídùn tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀, wà lẹ́nu ọ̀nà, torí lẹ́yìn ìrun Àṣárì ni wọ́n máa ń jókòó, funfun sì lojú ń rí kẹ́yìn bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Wáàdì, òdòdó róòsì, tẹ̀lé e. Àárín jẹ́ ti katífà, aláwọ̀ ọsàn àti yẹ́lò, tí petúníà elése àlùkò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ìparí lọ́hùn-ún, lára ògiri, ni jahannamíyà. Wọ́n fi iná ọ̀run àpáàdì sọ ọ́ lórúkọ, ó pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, “Astagifúrúláhì” ni mo wí.

Òfin kan wà tí Àmmù Sàlíhù tẹnu mọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní kí n gbin òdòdó sínú ilẹ̀ tó rì díẹ̀ bí inú àwo, n kò gbọdọ̀ gbìn ín sórí òkè. Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Mo rò ó nínú mi pé, ọmọ àgbẹ̀ Ìwó ni mí, bàbá mi máa ń kọ ebè, iṣu ibẹ̀ ga ju èmi lọ. Ta wá ni ará aṣálẹ̀ tó fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń roko? Gbòǹgbò fẹ́ ilẹ̀ rírọ̀, ebè ló sì ní ilẹ̀ rírọ̀. Ta ló sì máa rí mi? Ọ̀gá wà lẹ́yìn ògiri. Bí mo ṣe kọ ebè mẹ́rìndínlógún láàárín ọgbà nìyẹn, àwọn tó rẹwà, bí ìyá mi bá rí wọn á kí mi.

Ó bi mí pé, “Ṣé o ti gbìn ín sínú àwo?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Àmmù.”

Òdòdó náà dìde! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ewé tútù yọ̀yọ̀, inú mi ń dùn, mo ń fọ́nnu fún ọkọ mi pé àgbẹ̀ ni àgbẹ̀ níbi gbogbo. Nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sórí ebè. Mo máa ń fi ọwọ́ gbo ó kúrò. Bí garawa bá sì wọlé pé kó ilẹ̀ wá, poro ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń fọ ilẹ̀, ni mo ti ń bù ú. Àmmù á tọ́ ọ wò, á ní, “Ó dára.” Kò tún tutọ́ mọ́.

Òjò wá rọ̀ ní Jẹ́dà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbé ibẹ̀, ẹ kò lè mọ ohun tí òjò jẹ́. Ó lè tó oṣù mẹ́wàá kí ẹ tó rí i. Kì í ṣe òjò ńlá tí ń sọ títì dodò, winniwinni ni. Mo sáré jáde, mo tẹ́ ọwọ́, mo ń kọrin. Níbi tí a ti wá, òjò ló ń gbin nǹkan, èèyàn kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Bí òjò bá ti rọ̀, ta ló ń bomi mọ́? Mo ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa. Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò bomi. Àmmù Sàlíhù kò sí nítòsí, ó lọ ṣe Ọ́mírà ní Mẹ́kà. Kí ó tó lọ, ó ní kí n máa bomi láìsinmi. Mo rò pé kò mọ̀ pé òjò ń bọ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo ṣí ilẹ̀kùn ọgbà. Etí ewé gbogbo ti jóná bí ìwé tí iná lá. Katífà dorí kodò. Petúníà ti rọ wọọ. Ilẹ̀ ṣì tutù o! Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ó tutù, òdòdó sì ń kú nínú ọ̀rinrin. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ lérí. Ọ̀sẹ̀ méje péré ló kù kó di ọjọ́ làálì.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá dé. Garawa já wọlé lórí ògiri. “Ilẹ̀,” ló wí.

Mo bá garawa náà dúró. Mo lè bu ti poro fún un bí mo ṣe ń ṣe. Ọwọ́ mi gan-an ti nà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí sísọ́ọ̀sì rẹ̀, mo rántí pé òun ló máa fi ìtìjú kúrò nílé tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, láìmọ ohun tó pa òdòdó òun lẹ́ẹ̀kejì. Mo bu orí ebè, pẹ̀lú iyọ̀ funfun rẹ̀, mo gbé e sínú garawa. Ó fà á lọ. Mo gbọ́ tó tọ́ ọ wò. Mo gbọ́ tó tutọ́, tó tún tutọ́, tó ń wú ikọ́.

“Níbo lo ti bu èyí?”

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi. “Lórí ebè ni, Àmmù. Mo kọ ebè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń parọ́ fún yín. Ilẹ̀ poro ni mò ń gbé fún yín. Òjò rọ̀, mo sì ti omi pa.”

Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́ tó dùn mí ju ariwo lọ. Ó ní omi máa ń gun ebè láti ìsàlẹ̀, oòrùn á fa omi náà lọ, á fi iyọ̀ sílẹ̀ lórí. Òjò winniwinni kì í fọ iyọ̀ náà dànù, ó kàn ń yọ́ ọ lọ sí ẹsẹ̀ gbòǹgbò ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Jẹ́dà, bí òjò kékeré bá rọ̀, ìgbà yẹn gan-an lèèyàn ń bomi jù, kí iyọ̀ lè rì kọjá gbòǹgbò.

Ó wá ní, “Maryam, èmi ò ní ojú nínú ọgbà yẹn. Ìwọ lojú mi. Ọdún tí wọ́n ní kí n má wọlé mọ́, wọn ò fọ́ mi lójú. Ìwọ, bó o bá parọ́ fún mi, ìwọ lo fọ́ mi lójú.”

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Mo rò pé sísọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ gbé kalẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, n kò tijú ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ ńlá lójú ọ̀nà. Wáyítì ni, ọkọ̀ tí ń gbé omi tà kiri. Ohùn ọ̀gá tún dé lórí ògiri, bí ó ṣe máa ń le: “Kí lò ń jókòó ṣe? Wó gbogbo ebè yẹn! Rọ́bà omi ń bọ̀!”

Mo wó ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Hánánì, ìyàwó ojú ọ̀nà, ká apá aṣọ rẹ̀, ó bá mi dì mọ́ ṣọ́bìrì. A gbẹ́ inú àwo. A da omi sí i títí ó fi rì, a tún da á, ẹ̀ẹ̀mẹta. Àmmù lọ sí máṣítálì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ òdòdó tà, ó kó òmíràn wá. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń ròyìn bí ẹni wà níwájú adájọ́. “Àmmù, katífà kẹta lápá òsì, ewé méjì pọ́n.” “Àmmù, mo gbàgbé ẹsẹ̀ ògiri lánàá, n kò bomi síbẹ̀.” Á bú mi, á sọ ohun tí n ó ṣe. Mo ṣe é.

Ọjọ́ làálì dé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọgbà náà tanná! Ó tanná bí ẹni tó ń gbẹ̀san! Petúníà borí ilẹ̀, katífà ń jó nínú atẹ́gùn, jahannamíyà ti gun ògiri dé òkè. Àwọn obìnrin wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké “lílílílí” ayọ̀ wọn. Sítì Núrà ń fi ọwọ́ kan òdòdó kọ̀ọ̀kan. Mo sáré lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, torí mo mọ̀ pé ọ̀gá wà níbẹ̀.

“Mélòó ni kò là?” ló kọ́kọ́ bi mí.

“Katífà mẹ́ta, Àmmù. Wáàdì kan sì ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi.”

“Ó dáa,” ó ní. “Sọ ìyókù fún mi.”

Mo sọ ọ́ fún un láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri. Nígbà tí àwọn onítáìsì tún wá, Sítì Núrà ní kí wọ́n fún wọn ní kọfí, kí wọ́n máa lọ.

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti gbà mí kan. Hánánì relé ọkọ ní Sáhírì, ní Mẹ́kà, ó ní òun kò ní gbé ilé tí kò ní òdòdó. Mo wá ń lọ ibẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì-kejì. Mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ tán. Mo tẹ́ ìbòrí mi, gbogbo rẹ̀ gún, àfi igi ẹlẹ́gùn-ún kékeré kan tó dá hù sí àárín gbùngbùn. Mo gbé ọkọ́ sókè. Ìyá ọkọ Hánánì kígbe látinú yàrá, ọkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi! Ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni Mẹ́kà, ohun tó bá dá hù níbẹ̀, a kì í fà á tu. Àwọn aláàfáà ní ọ̀rọ̀ tó gùn lórí èyí tí omi àwa èèyàn ló mú un hù, èmi kì í ṣe aláàfáà. Ìyá náà ní kí n fi í sílẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Mo kó ìbòrí mi, mo tún ìlànà ọgbà ṣe yí i ká, mo fi òdòdó funfun ṣe òrùka fún un. Gbogbo àlejò tó wá, igi yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè. Láti ìgbà náà, nínú gbogbo ilé tí mo gbin ọgbà sí ní Mẹ́kà, mo máa ń wo ohun tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi kí n tó tẹ́ aṣọ kankan.

Bí mo bá gé ẹ̀ka jahannamíyà tí a fọwọ́ gbìn, n kì í dà á nù. Mo máa ń dì í lọ sí Nakásà, àdúgbò orí òkè kan ní Mẹ́kà, níbi tí àwọn obìnrin wa kan ń gbé nínú yàrá tóóró. Wọ́n á kì í bọ inú agolo mílíìkì, wọ́n á gbé e sórí àtẹ̀gùn. Ìyàwó ilé kan níbẹ̀ sọ fún mi pé, “Àlàájà, ilé yìí kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n òdòdó yìí, tèmi ni.” Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju ìyìn olówó lọ.

Irinṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Garawa tí mo fi ìṣó lu ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà gígùn dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kán omi sí ẹsẹ̀ òdòdó kọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó, bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀! Ó gba ẹ̀yìn mi là. Ràmótà ọmọ mi, tí a bí sí Jẹ́dà, ló wá so ó mọ́ fóònù. Mo ní, “Ràmótà, ṣé ó dá ọ lójú pé fóònù mọ ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ òdòdó?” Ó dá mi lóhùn lédè Lárúbáwá bó ṣe máa ń ṣe: “Tàyíb, yà màmá, kàláásì,” ìyẹn ni pé, ó dáa, màmá, ó ti parí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, fóònù ṣí omi pẹ̀lú agbára, rọ́bà já, omi tú lé àlejò Sítì Núrà lórí níbi tí wọ́n ti ń mu tíì. Àwọn ìyá àgbà ń sá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwo dàbínù dà sínú petúníà. A tún un ṣe, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ lo fóònù yín, ẹ̀yin ọmọ, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ máa ti ìka bọ ilẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí mo fò kọjá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni, torí n kò mọ bí n ó ṣe sọ ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún méjìdínlógún ni èmi àti Àmmù Sàlíhù fi ṣiṣẹ́ báyẹn, ògiri láàárín. Ó wá darúgbó. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ránṣẹ́ láti Yẹ́mẹ̀n pé kí ó máa bọ̀ nílé. Nígbà tí ọjọ́ tó máa lọ kù ọ̀la, Sítì Núrà pe gbogbo obìnrin ilé jọ sínú ọgbà lẹ́yìn ìrun Àṣárì. Ó ní kí gbogbo wọn wọ àbáyà, kí wọ́n bo ojú. Hánánì ti Mẹ́kà wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo wọn dúdú láti orí délẹ̀, àwọ̀ kan kò sì kù nínú ọgbà náà àfi ti òdòdó.

Sítì Núrà wá gbóhùn sókè: “Sàlíhù, wọlé.”

A gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré, “Yà Sáàtírì! Yà Sáàtírì!”, bí ọkùnrin ṣe máa ń ké kí obìnrin tó wà nílé lè bora. Ó wọlé, ó dorí kodò, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ pátápátá.

“Gbé ojú sókè,” Sítì Núrà wí. “Gbogbo wa ti bora.”

Kò gbé e sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún láìwo ibẹ̀, ó ní, “Fúlù.” Fúlù ni. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní, “Wáàdì, èyí tí ológbò ṣẹ́ ní ẹ̀ka.” Òun ni. Ó dé àárín, ó ní, “Katífà. Petúníà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àyè òfìfo kan lápá òsì.” Àyè náà wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo sọ fún un. Báyìí ló ṣe rìn dé ìparí, ibi tí jahannamíyà ti pọ́n bo ògiri. Ibẹ̀ ló ti wá gbé ojú sókè, ó yí padà, ó wo gbogbo ọgbà náà láti òpin dé ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó pẹ́.

“Gbogbo rẹ̀ wà níbi tó o ní ó wà,” ó sọ fún mi.

Omijé ti gba ojú mi kan. Sítì Núrà ló gbà á lẹ́nu mi. Ó ní, “Sàlíhù, o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lónìí.”

Ó mi orí. “Rárá, Sítì. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń rí i.”